Ẹ Wá Tanwíjí Kẹ́ Ẹ Tó Ra Oògùn Ẹ̀fọn: Bá A Ṣe Ń Bá Ẹ̀fọn Jà Nílé Wa L'Ékòó

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Ṣómólú. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 3 ni nígbà yẹn, àpá ẹ̀fọn ò kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń rí tuntun, bẹ́ẹ̀ abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ló ń sùn, nẹ́ẹ̀tì yẹn ò sì já níbì kankan torí èmi fúnra mi ni mo máa ń kì í bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lálaalẹ́. Mo rò ó títí, ibo gan-an lẹ̀fọn ń gbà wọlé tọ̀ ọ́? Àṣé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ní kíṣìnì, níbi tó máa ń jókòó sí lórí àpótí tí mo bá ń dáná. Ọjọ́ tí ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe wá, tó fà á kúrò lára ògiri, ló pè mí pé màdáámù ẹ wá wo nǹkan. Abọ́ pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn fìríìjì, níbi tí omi máa ń kán sí, tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé inú omi, kún un fọ́fọ́, wọ́n ń ta kitikiti nínú omi. Nínú kíṣìnì tí mò ń nù láràárọ̀! Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, torí oṣù yẹn nìkan mo ti ra oògùn fífín agolo 2.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀fọn tó ń jẹ wá kì í sábà jẹ́ àlejò. Àwa la tọ́ ọ, inú omi wa ló ti dàgbà. Bẹ́ ẹ ṣe ń fín oògùn pa èyí tó ń fò, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń jáde látinú omi, ẹ ò lè fín in tán láé tí omi yẹn bá ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú yín á rántí wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń yẹ ilé wò nítorí ìmọ́tótó. Ìyá mi àgbà, Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n gbé, wọ́n máa ń sọ fún wa pé tí wọ́n bá ti gbúròó pé wolé-wolé ti wọ àdúgbò, kálukú á ti máa sáré da omi àmù ẹ̀ nù, torí tí wọ́n bá rí tanwíjí nínú ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, owó ìtanràn dé nìyẹn. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn wọn rárá. Àmọ́ nǹkan tí wọ́n ń wá yẹn gan-an ló yẹ ká máa wá, kí kálukú wa di wolé-wolé ilé ara ẹ̀.

Mẹ́ta lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀

Irú ẹ̀fọn tó wà láyé lé ní 3,000, àmọ́ mẹ́ta ló kàn wá jù, yálà Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ̀ ń gbé o, tàbí ọ̀nà tiwa níbí, Ṣómólú, Bàrígà, Múṣin, Súrùlérè. Abo wọn nìkan ló ń jẹ èèyàn, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló fi ń ṣe ẹyin. Akọ ò jẹ ẹnikẹ́ni, omi dídùn ara òdòdó ló ń mu.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Anopheles. Òun ló ń gbé ibà kiri, kò sí ẹ̀fọn míì tó ń kó ibà ran èèyàn. Tó bá bà sára ògiri ẹ wò ó dáadáa, ìdí ẹ̀ máa ń wà lókè, orí ẹ̀ á dorí kodò. Kì í pariwo púpọ̀. Láti nǹkan bí aago 10 alẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ ló máa ń ṣọṣẹ́ jù, ìgbà tí oorun bá ti wọ̀ wá lára. Omi tó fẹ́ràn ni omi òjò tó dúró sójú kan tí oòrùn ń rí, irú èyí tó máa ń wà nínú ipa táyà lójú ọ̀nà tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí, nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ fún fandéṣọ̀n, nínú àbàtà. Ó tún ní ìbátan kan tó lè gbé inú omi oníyọ̀ létí òkun àti ọ̀sà, nítorí náà kí àwọn ará Mákòókò, Ìwáyà àti Ìlàjẹ ní Bàrígà má rò pé iyọ̀ inú omi máa gbà wọ́n.

Ìkejì ni Culex. Èyí ló ń ké yìnnn sí yín létí lóru. Omi gọ́tà tó dúró, omi sókàwéè, omi ìdọ̀tí, ibẹ̀ nilé ẹ̀. Láwọn ibì kan láyé òun ló ń gbé kòkòrò tó ń fa jàbùtẹ̀, àmọ́ kì í gbé ibà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé tá a bá ti kó gọ́tà, a ti bọ́ lọ́wọ́ ibà nìyẹn. Ẹ kó gọ́tà o! Oorun á dùn, omi òjò á rọ́nà gbà, ilé ò ní máa rùn. Ṣùgbọ́n kòtò omi tó mọ́ níwájú ilé, èyí tí àwọn ọmọ ń fi ẹsẹ̀ gbọ́n ṣeré, ó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ibà ti ń wá bá yín, tí gọ́tà sì ń jẹ ẹ̀bi ẹ̀.

Ìkẹta ni Aedes, èyí tó wà lẹ́yìn fìríìjì mi. Dúdú ni, ó ní ìlà funfun lára àti lẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ò ní ṣì í mọ̀. Ojúmọmọ ló ń jẹ èèyàn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ títí dé àkókò ìrun Mọ̀gáríbì, ọrùn ẹsẹ̀ ló sì máa ń wá. Òun ò fẹ́ gọ́tà. Omi tó mọ́ nínú nǹkan tá a fi ń gbé omi ló fẹ́: dọ́ọ̀mù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, táyà, agolo, ike oúnjẹ tí wọ́n jù nù. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, dẹ́ńgì, chikungunya, Zika, òun ló ń gbé gbogbo wọn. Ohun tó jẹ́ kí tiẹ̀ le ni pé kì í yé ẹyin sójú omi, ara abọ́ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, díẹ̀ lókè ibi tí omi dé, ẹyin yẹn sì lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kú, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí omi tún kàn án ló máa pa. Ìdí nìyí tí dída omi nù nìkan ò fi tó, ẹ gbọ́dọ̀ fi kànìnkànìn ha ara nǹkan yẹn yíká.

Ibà pọ́njú yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o, láti 2017 ló ti tún padà sí Nàìjíríà. Tó bá sì jẹ́ ti àtijọ́ náà ni, Èkó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Rockefeller Foundation rán àwọn dókítà wá ṣe ìwádìí lórí ẹ̀, Yàbá níbí ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ireland, Adrian Stokes lorúkọ ẹ̀, ibà tó ń wádìí yẹn náà ló pa á ní 1927, Èkó ló kú sí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan ní Gáná tó ń jẹ́ Asibi, ibà náà kọlù ú ṣùgbọ́n ó yè é, kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n tún ṣe títí tó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára tá à ń gbà dòní. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń gbà á láyé ẹ̀. Ọmọ tó bá pé oṣù 9 ni wọ́n ń fún ní ẹ̀ka ìlera ìjọba, pẹ̀lú ti èéyi tí wọ́n ń pè ní measles. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì gbà á, tàbí ẹ̀yin fúnra yín ò gbà á rí, ẹ lọ gbà á, torí kò sí oògùn kankan tó ń pa kòkòrò yẹn tó bá ti wọra tán, ìtọ́jú tí wọ́n lè ṣe ò ju kí wọ́n máa gbé ara ró lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ máa fi ka ọjọ́

Nínú ooru Èkó yìí, ọjọ́ 7 sí 10 ti tó kí ẹyin ẹ̀fọn di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á jẹun á tóbi, á wá di èyí tó ká kò bí àmì kómà, ìyẹn ò ní jẹun mọ́, bí ọjọ́ 2 sí i ó ti jáde. Ẹ wá fi wé sánítéṣọ̀n tá a máa ń ṣe ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, aago 7 sí 10 àárọ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó wọ́gi lé e ní 2016. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àdúgbò máa ń mọ́, àwọn èèyàn máa ń ríra wọn. Àmọ́ láàárín sánítéṣọ̀n kan sí òmíràn, ẹ̀fọn lè ti tú jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣẹ́gun ẹ̀, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fo ọ̀kan. Ẹ mú ọjọ́ tó bá yín lára mu, Sátidé lèmi mú torí ọjọ́ ìfọṣọ mi ni, omi tó bá ṣẹ́kù nínú dọ́ọ̀mù ni mo fi ń fọṣọ tán kí n tó ha inú ẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí i pé kò sí ẹ̀fọn tẹ́ ẹ pa ní kékeré tó jẹ́ àṣedànù. Ẹ̀fọn ibà ò bí ibà mọ́ra. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in, kòkòrò yẹn á wá lo bí ọjọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀ kó tó lè kó o ran ẹlòmíì. Èyí tó dàgbà ló léwu.

Bí mo ṣe ń yí ilé ká

Ẹ mú fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì, kànìnkànìn, àti ìpọnmi tí inú ẹ̀ funfun, torí nínú nǹkan funfun lẹ ti máa tètè rí tanwíjí. Tẹ́ ẹ bá dé ìdí omi, ẹ rọra yọ sí i, torí tí òjìji yín bá ti bò wọ́n wọ́n á sá bọ́ sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó wá rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀, wọ́n máa tún gòkè wá mí. Èyí tó bá sùn gbalaja sójú omi, ẹ̀fọn ibà nìyẹn. Èyí tó bá fi ìdí rọ̀ sójú omi tí orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù ni.

Dọ́ọ̀mù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. N ò ní sọ fún ará Èkó pé kó má tọ́jú omi, a kúkú mọ bí omi ṣe rí, ẹ̀rọ ò yọ, iná ò sí tí wọ́n máa fi fa omi bohóòlù, mẹ́rúwà náà ò wá lójoojúmọ́. Ẹ tọ́jú omi yín, àmọ́ ẹ bò ó kó le. Èmi ń lo nẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, mo gé e, mo fi bo ẹnu dọ́ọ̀mù, mo fi rọ́bà tí fọkanáísà gé fún mi lára túùbù so ó yíká, kí n tó wá dé ìdérí lé e. Ìdérí yẹn náà ẹ ṣọ́ ọ, èyí tí àárín ẹ̀ jìn díẹ̀ máa ń gba omi òjò sórí, mo ti rí tanwíjí lórí ìdérí rí nígbà tí inú dọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ mọ́ tónítóní. Lọ́sẹ̀ kan ẹ lo omi tán, ẹ ha ara ẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, kẹ́ ẹ da èyí tẹ́ ẹ fi ṣan án sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ má dà á sí gọ́tà tí tanwíjí inú ẹ̀ ti máa tún rí ibi gbé. Ti táǹkì orí òkè, ẹ bẹ ẹni tó lè gùn ún kó wò ó bóyá ìdérí ẹ̀ ṣì wà, atẹ́gùn òjò máa ń gbé e lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kó sì fi nẹ́ẹ̀tì di ẹnu páìpù tí omi ń gbà tú jáde tí táǹkì bá kún. Kàǹga náà, ẹ dé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbójú sókè wo fẹ́ǹsì. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò rárá. Àfọ́kù ìgò tí wọ́n rì mọ́ orí fẹ́ǹsì nítorí olè, ìdí ìgò tó dojú sókè nínú wọn ń gba omi òjò, ó sì máa ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Búlọ́ọ̀kù tí wọn ò fi sìmẹ́ǹtì dí ihò orí ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ bu yanrìn sí gbogbo ẹ̀ kó kún dé ẹnu, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, owó ẹ̀ ò ju ti yanrìn orí àgbá kan lọ, ẹ ò sì ní tún un ṣe fún ìgbà pípẹ́. Lọ́dún tá a ṣe tiwa, àkàsọ̀ ni mo fi gun fẹ́ǹsì náà kiri, mo ka ìgò tó lómi nínú, wọ́n lé ní 40 lórí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ilé nìkan.

Táyà. Bẹ́ ẹ ṣe da omi inú táyà nù tó, díẹ̀ á kù sínú ẹ̀, bó ṣe rí nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ ò bá lò mọ́ ẹ jẹ́ kó lọ, èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ kó o sábẹ́ òrùlé tàbí kẹ́ ẹ lu ihò sí i nísàlẹ̀. Fọkanáísà ìkóríta wa, mo lọ bá a jẹ́jẹ́, mo ní Bọ̀dá, bàsíà tí ẹ fi ń yẹ túùbù wò yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa da omi ẹ̀ nù lálẹ́ kẹ́ ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù. Kò bínú, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀fọn lè wà nínú omi tí òun ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́.

Nínú ilé, ẹ fa fìríìjì síwájú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ da omi ẹ̀yìn ẹ̀ nù kẹ́ ẹ fọ abọ́ náà. Ẹ wo abẹ́ ibi tẹ́ ẹ ń to àwo sí kó gbẹ, abẹ́ ìkòkò òdòdó, ìgò tẹ́ ẹ gbin nǹkan sí nínú omi lásán, ike tí omi èásì ń kán sí, ṣáláńgá aláwo tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ (ẹ dé e kẹ́ ẹ sì fọ omi sí i lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan). Ní mọ́ṣáláṣí, búùtà tí wọn ò lò fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, fáàsì òdòdó orí pẹpẹ.

Sókàwéè tó sán, ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i, kẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì so orí páìpù gígùn tó ń yọ èémí ẹ̀ jáde. Tí nẹ́ẹ̀tì yẹn ò bá sí, gbogbo ẹ̀fọn inú sókàwéè, ojú páìpù yẹn ni títì wọn. Omi tó bá dúró sílẹ̀ nínú ọgbà, ẹ fi yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ dí kòtò ẹ̀. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì dúdú sí i, lóòótọ́ ó ń dí tanwíjí lọ́nà àtimí, ó ń kú, àmọ́ ọ́ìlì yẹn á rìn lọ sínú ilẹ̀ dé kàǹga àti bohóòlù tẹ́ ẹ̀ ń mu. N ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Ilé ẹ̀gbẹ́ wá ńkọ́, ilé tí wọn ò tíì parí, tí omi kún bẹ́ẹ̀sìmẹ́ǹtì ẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n kọ́ láti máa pọnmi pò ṣìmẹ́ǹtì? Ẹ má lọ bá wọn pẹ̀lú ìjà. Ẹ bu omi yẹn sínú ìgò omi tó mọ́ gaara, kí tanwíjí wà nínú ẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì so ẹnu ẹ̀, ẹ gbé e sórí tábìlì fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀fọn á ti máa fò nínú ìgò yẹn. Ìgò yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ fún láńlọ́ọ̀dù tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà. Èmi ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí tí kò gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n fojú rí i ni wọ́n tó gbà. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín náà, tiwa ti di wolé-wolé gidi báyìí, wọ́n máa ń wá tanwíjí kiri ju èmi gan-an lọ.

Alẹ́

Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn sí ṣì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún ẹ̀fọn ibà. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ tú u, kẹ́ ẹ sá a sí ibòòji fún ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó sùn lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó máa ta èèyàn lójú àti lára. Oòrùn ń ba oògùn ara ẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ má sá a sóòrùn láé, kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má lo ọṣẹ ẹlẹ́bu tó le, ẹ má sì lo bílíìṣì. Tó bá já, abẹ́rẹ́ àti òwú, ẹ rán an. Ó tó ọdún 3 kó tó gbó.

Mo mọ̀ pé ooru lẹ máa sọ. Èmi náà ń gbé ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, mo mọ bí yàrá kan tí èèyàn 5 ń sùn sí ṣe máa ń rí tí wọ́n bá mú iná lọ lágogo 1 òru. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a so nẹ́ẹ̀tì náà ga, onígun mẹ́rin, kò fẹ́ kanra, èyí tó rí bí agboòrùn tó ṣù mọ́ èèyàn lára la fi sílẹ̀. A tún fi nẹ́ẹ̀tì sí wíńdò àti ẹnu ọ̀nà kó lè ṣeé ṣe láti ṣí i kí afẹ́fẹ́ wọlé. Fáànù oníbátìrì náà dára, ẹ̀fọn ò lágbára láti fò dojú kọ atẹ́gùn. Bí kò bá sí nẹ́ẹ̀tì tó máa kárí ilé, aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sábẹ́ ẹ̀, àwọn ni ibà ń tètè pa.

Oògùn fífín àti kọ́ìlì, ẹ lè lò ó, àmọ́ èéfín kọ́ìlì nínú yàrá tí wọ́n tì pa ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ẹ tàn án, ẹ jáde, ẹ padà wọlé tí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e. Ẹ̀fínrín àti èèpo ọsàn tí wọ́n ń sun ń lé díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ náà, èéfín sì lèéfín. Èyí tí mo bẹ̀ yín lé lórí ni ọ̀tápíápíá, Sniper, àtàwọn májèlé oko tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré. Májèlé ni wọ́n o, wọn ò ṣe wọ́n fún yàrá tí èèyàn ń sùn sí, ní 2019 NAFDAC fòfin de títa Sniper kékeré tí kò ju 100ml lọ nítorí àwọn tó ń kú. Ẹ má fín in sí ibi tí ọmọ ń sùn, ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rárá rárá.

Tí ara bá ti gbóná

Nàìjíríà ló ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tó ń mú èèyàn lágbàáyé. Síbẹ̀ Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà ti kéré jù nínú Nàìjíríà, ìyẹn ni pé kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná tá à ń pè ní ibà ló jẹ́ ibà. Ọmọ mi kan náà yẹn, kẹ́mísítì kan fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, kò yẹ̀ ẹ́ wò, ara ọmọ ò balẹ̀, ìgbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, etí ló ń dùn ún, etí yẹn ti ń ṣọyún nínú. Ó ṣì ń dùn mí dòní pé mi ò ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lákọ̀ọ́kọ́.

Àyẹ̀wò ò le. Wọ́n á gún yín lórí ìka, ẹ̀jẹ̀ kínún, èsì á jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ rántí pé èyí tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ yìí lè ṣì máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lo oògùn tán, nítorí náà tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú ẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó. Tí wọ́n bá ní ibà ni, ACT, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi artemisinin pò pọ̀ mọ́ oògùn ibà míì, loògùn ẹ̀. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti fi kulorokúìnì sílẹ̀ torí kò ràn án mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ACT, ọjọ́ 3 ni wọ́n ń lò ó, ẹ̀ẹ̀mẹfà, èkejì ní wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn àárọ̀ àti alẹ́. Ẹ jẹun sí i, oúnjẹ tó ní òróró tàbí mílíìkì nínú, ara á gbà á dáadáa. Òróró ò fa ibà, oòrùn ò fa ibà, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, ẹ̀fọn nìkan ni. Kí ara má sì fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì kẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ fi èyí tó kù pamọ́ de ọjọ́ míì, ẹ lò ó tán.

Tí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, tí orí, ẹ̀yìn ojú àti oríkèé ń dun èèyàn gan-an, ó lè jẹ́ dẹ́ńgì. Parasitámọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo asipírìnì tàbí ibuprofen torí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, kẹ́ ẹ sì lọ sọ́sípítù.

Aláboyún, láti oṣù kẹrin oyún, ẹ bi wọ́n ní kílíníìkì nípa oògùn ìdènà ibà tí wọ́n ń fún yín mu lójú wọn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó bímọ, oṣù kan láàárín ọ̀kan sí òmíràn. Ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ bá dókítà yín sọ ọ́, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa lo oògùn ìdènà lójoojúmọ́.

Ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi mọ́, tó ń bì gbogbo nǹkan, tí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ funfun báláú, tó ń mí fìnrín-fìnrín, tí ojú ẹ̀ pọ́n tàbí tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi kóòkì, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí gìrì mú, ọ́sípítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Tí gìrì bá mú un, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, ó ń pa ọmọ, ẹ má sì fẹsẹ̀ ẹ̀ sínú iná. Ẹ pe kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò, ẹ sọ fún wọn ní ọ́sípítù ní aago mélòó ni gìrì náà bẹ̀rẹ̀ àti oògùn wo lẹ ti fún un tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ mú páálí oògùn náà dání.